Ìwádìí Ilé Lindholm

Ẹ pa fóònù yẹn dé ná, ẹ̀yin ọmọ. Bùkọ́lá, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. O ní o ti yẹ ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọ wò tinú-tẹ̀yìn, ìṣẹ́jú méjì péré lo sì fi ṣe é. O rí ilé-ìwé tó lọ, o rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, o rí ajá rẹ̀, o rí ibi tó ti jẹun lánàá. Ìyá rẹ ní Òṣogbo ní kí n bá òun ṣe ìwádìí, ìwọ wá ń rẹ́rìn-ín pé, "Bàbá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu jàre, mo ti check ẹ̀." Ìṣẹ́jú méjì! Ẹni tó bá ń fi ajá rẹ̀ han gbogbo ayé, ohun tí kò fi hàn ni èmi máa ń fẹ́ mọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ jókòó sórí àwọn aṣọ tí mo kó sílẹ̀ yẹn, ẹ ṣáà má jókòó lé abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ fún yín, kí n sì sọ bí èmi náà ṣe ṣe é nílùú Berlin yìí tí mo fi jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí mi sí, ariwo òfì la fi ń jí. Láti ẹ̀yìnkùlé wa títí dé ìdí igi ọdán, àwọn bàbá á jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á na òwú síwájú gbọọrọ, ọ̀kọ̀ tí wọ́n ká òwú sí á máa fò láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí tòsì, kẹ́rẹ́-kà, kẹ́rẹ́-kà, títí oòrùn á fi mú kankan. Ẹni tó bá ń hun aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló dí, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tó wọ̀lú tí kò gba ìdí òfì kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ aṣọ, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ pé kí n máa tẹ́tí sí ohun tí wọn kò sọ fún mi. Èkejì yìí ló ṣòro láti fi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi kan wà tí a ń pè ní Ìyá Alárinà. Nígbà náà, kò sí ẹni tó ń gbé ọmọ fọ́kọ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ wádìí. Ṣé wèrè kò sí nínú wọn? Wárápá ńkọ́? Ṣé olè kò sí nílé wọn, ṣé wọn kì í lu ìyàwó? Ìyá Alárinà á wọ aṣọ tó ti gbó, á gbé agbọ̀n lérí bí ẹni ń wá òwú rà, á forí lé ìlú àwọn ọkọ. Kì í wọ ilé tó ń wádìí. Ilé kejì ló ń yà sí. Á ní òùngbẹ ń gbẹ òun, wọ́n á bu omi fún un, á jókòó, á yin ọmọ wọn, á yin àgbàlá wọn, kó tó wá bi wọ́n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn pé, "Ilé ta tilẹ̀ nìyẹn lọ́wọ́ ọ̀tún?" Ohun tí aládùúgbò bá sọ, òun ló ń gbé bọ̀ wá sílé. Ó sì ní òfin kan tí kì í rú: a kì í dárúkọ ẹni tó rán ni. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló rán an, á ní ẹsẹ̀ òun ló gbé òun débẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan, ní àkókò ọdún egúngún, pé ó mu omi nílé méje láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ní Òkèihò. Nígbà tí egúngún já sígboro tí gbogbo èèyàn ń sá, òun náà ń sá, ṣùgbọ́n kì í ṣe egúngún ló ń sá fún. Ẹ̀yìn ilé kan ló sá pamọ́ sí. Ibi tó sá pamọ́ sí náà ló ti gbọ́ tí ọkọ àfẹ́sọ́nà ń bú ìyá tó bí i lọ́mọ bí ẹni ń bú ẹrú. Ìyàwó ò lọ sílé náà mọ́. A fi í rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n a gbà pé omi ọjọ́ yẹn wúlò.

Níbí ńkọ́? Ilé alájà mọ́kànlá ni mò ń gbé ní Lichtenberg yìí. N kò mọ orúkọ ẹni tó wà lókè mi, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń wọ bàtà nínú ilé, ìyẹn ò sì jẹ́ kí n fọkàn tán an.

Ó dáa. Rónkẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí àbúrò mi obìnrin bí. Bàbá rẹ̀ ti kú, ẹ̀kọ́ ló bá wá sí Hamburg, ó ń gbé ní Rothenburgsort, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé. Bàbá Berlin ló ń pè mí. Bí ó bá máa ṣègbéyàwó, èmi ni màá jókòó sí àyè bàbá, gbogbo ẹbí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù yìí wá, òun àti ọkùnrin òyìnbó gíga kan tó ń jẹ́ Mattias, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Kí n tó la ẹnu, ọmọ náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, irùngbọ̀n kan ilẹ̀. Nígbà tó dìde, òwú pupa àti búlúù ló kún irùngbọ̀n rẹ̀. Rónkẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ wa gan-an, orúnkún ni wọ́n ń tẹ̀ díẹ̀ lóde òní, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Òyìnbó wá dọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń wá?

Mo fún un ní àga. Mo bi í pé bàbá rẹ̀ ńkọ́. Ó ní bàbá òun wà ní Sweden, òun ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo gbé ìyẹn sínú. Mo ní kí ni orúkọ ìdílé wọn. Ó ní Lindholm. Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Lindholm. Bàbá bàbá rẹ̀ ńkọ́? Lindholm náà ni. Mo wá bi í ní ìbéèrè tí a máa ń bi ọkọ ọmọ, mo ní, "Kí ni èèwọ̀ ilé yín?" Rónkẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní kí ni wọn kì í jẹ nílé wọn. Ọmọ náà ronú, ó ní, "Erdnüsse." Ẹ̀pà. Ó ní bí òun bá jẹ ẹ́, ọ̀nà ọ̀fun òun á dí, ìyá òun sì sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá òun.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orúkọ àbísọ lọ́tọ̀, orílẹ̀ lọ́tọ̀. Adéyẹmí pọ̀ káàkiri, wọn ò bá ara wọn tan. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ Òpómúléró, bí mo bá pàdé ọmọ Òpómúléró mìíràn ní Ìwó tàbí ní Ìkìrun, tí n kò rí i rí láyé mi, ẹbí mi ni. Oríkì kan náà ni wọ́n fi ń kí wa. Bí ọ̀kan bá jalè, gbogbo wa lojú ń tì. Nígbà tí mo wá rí i pé orúkọ Lindholm yìí ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, tó tún ní èèwọ̀ tó ń bá a rìn, mo ní háà, èyí kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Orílẹ̀ ni.

Àbúrò mi pè láti Ìsẹ́yìn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ojú yín ni mo ní. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi kó sílé tí a ò mọ̀. Ẹ bá mi wádìí wọn." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Bürgeramt, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ń kọ orúkọ ará ìlú sí. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Datenschutz." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn nílẹ̀ yìí, ó túmọ̀ sí pé ọ̀ràn ẹlòmíràn kò kàn ọ́. Èmi wá rò ó pé, àwọn èèyàn tó ń fi nǹkan pamọ́ tó báyìí, kí ni wọ́n ṣe? Mo yà sí ilé ìkàwé. Obìnrin onígíláàsì kan níbẹ̀ yá mọ́ mi. Mo ní mo fẹ́ mọ̀ nípa àwọn Lindholm. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó tẹ ìwé kan jáde fún mi: àwọn èèyàn olókìkí tí wọ́n ń jẹ́ Lindholm, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni. Mo rò pé ìtàn ìdílé ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.

Mo jókòó ti ìwé náà bí ẹni ń ka májẹ̀mú. Ọ̀kan kọ́ afárá, mo ní ó dáa. Ọ̀kan jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, mo ní ọpẹ́ ni. Ọ̀kan ń kọrin níwájú àwọn ọba, èyí ò burú, ṣùgbọ́n olórin kì í gbélé. Ọ̀kan ń fi igi tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín títí ó fi gba àmì ẹ̀yẹ. Iṣẹ́ wo nìyẹn fún àgbàlagbà? Mo wá dé orí ẹni tó ń ya àwòrán, tó kú sílé àwọn wèrè. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, òmíràn ṣe ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó ń yí ìwé. Mo mú ṣọ́ọ̀kì búlúù tí mo fi ń sàmì sáṣọ, mo fa ìlà búlúù sábẹ́ àwọn méjèèjì. Wèrè rèé, gbájúẹ̀ rèé, ní orílẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ wa sì fẹ́ wọ ibẹ̀.

Mo pe Rónkẹ́. Ó ní, "Bàbá Berlin, ẹ jọ̀ọ́, àwọn yẹn ò bá ara wọn tan rárá! Orúkọ lásán ni. Ní Sweden, bí ẹ bá ju òkúta, Lindholm lẹ máa bà." Mo ní ta ló sọ fún un. Ó ní Mattias ni. Mo ní ẹ wò ó, ẹni tí à ń wádìí ló ń jẹ́rìí fúnra rẹ̀.

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Mattias tó wà nísàlẹ̀, n kò wò ó. Ọmọ tó máa ń gbé omi kiri níbi ìnáwó wa fún ẹbí tí kò mọ̀, tó ń fi èdè wa kí mi lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá", ohùn rẹ̀ á máa wọ́ gúrúgúrú. Ìwé ọwọ́ mi ni mo dì mú.

Ìyá Mattias ń gbé ní Hellersdorf, nílùú yìí kan náà. Mo wọ U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lọ síbẹ̀. Mo ṣe gẹ́gẹ́ bí Ìyá Alárinà ṣe ń ṣe. N kò tẹ aago rẹ̀, aago ilé kejì ni mo tẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ṣílẹ̀kùn. Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí, mo tọrọ omi. Ẹnu yà á, ṣùgbọ́n ó bu omi fún mi nínú ife tó mọ́ kedere. Mo mu ún, mo yin òdòdó ojú fèrèsé rẹ̀. Mo wá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn kejì, mo ní irú èèyàn wo ló ń gbébẹ̀. Ta ló ń wá kí i? Ṣé ó ti ṣàìsàn ọpọlọ rí? Mo yọ ìwé mi jáde, mo ní, "Nínú àwọn Lindholm wọ̀nyí, èwo ni ẹbí ọmọ rẹ̀?" Obìnrin náà wo ìwé náà pẹ́. Ó wo ìlà búlúù tí mo fà.

Ó bi mí pé, "Ta ni yín?" Mo tún na ìka sí orúkọ inú ìwé náà.

Ó ní, "Ta ló rán yín?"

Mo ní, "A kì í dárúkọ ẹni tó rán ni."

Ó gba ife ọwọ́ mi, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń sọ fún ara mi pé wọ́n ní nǹkan tí wọ́n ń bò. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò ó títí mo fi délé, inú mi sì ń dùn pé mo ṣiṣẹ́ náà bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ kejì ni Rónkẹ́ wọ ọkọ̀ wá láti Hamburg. Kò kúnlẹ̀, kò kí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ni? Bàbá Berlin, ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀yin." Mo ní kí ló dé. Ó ní ìyá Mattias ti fa gbogbo aṣọ fèrèsé rẹ̀ bò, kò lọ síbi iṣẹ́, ó ti di báàgì rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná. Aládùúgbò rẹ̀ ló sọ fún un pé ọkùnrin kan wá tí kò dárúkọ, ó mú ìwé kan lọ́wọ́ tí gbogbo Lindholm wà nínú rẹ̀, ó ń béèrè ẹni tó ń wọlé tọ̀ ọ́. Mo ní, "Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ń bà á lẹ́rù?" Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí, ohun tí ẹnu mi sọ nìyẹn.

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí ògiri ṣì wà láàárín ìlú yìí, ìjọba apá ìlà oòrùn níhìn-ín ní àwọn tó ń ṣọ́ èèyàn. Ọkùnrin ará Sweden kan wá bá wọn kọ́lé, Lindholm, òun àti ìyá Mattias sì fẹ́ràn ara wọn. Aládùúgbò kan máa ń wá tọrọ ṣúgà. Á jókòó, á yin aṣọ tábìlì, á bi í bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn pé àlejò wo ló wá lánàá. Ohun tó bá gbọ́, ó ń kọ ọ́ ránṣẹ́. Wọ́n lé ọkùnrin náà padà sílùú rẹ̀, oyún Mattias ṣì wà nínú ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò rí i mọ́ títí ọkùnrin náà fi ní ìyàwó mìíràn. Orúkọ yẹn nìkan ló kù tó fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ògiri wó, tí wọ́n jẹ́ kí olúkúlùkù ka ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, ó rí ṣúgà náà nínú rẹ̀, ó rí aṣọ tábìlì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni aládùúgbò náà. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Òkò tí mo sọ sọ́jà, ará ilé wa ló bà. Mo ti ń wá wèrè nínú àwọn tí n kò mọ̀, èmi gan-an ni mo fẹ́ sọ obìnrin kan di wèrè.

Mo wọ agbádá mi tó dáa jù, mo padà lọ sí Hellersdorf. Lọ́tẹ̀ yìí mo tẹ aago rẹ̀, mo sọ orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kékeré ni, irun rẹ̀ ti funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, èmi àgbàlagbà. Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Ta ló rán yín?"

Mo ní, "Ìyá Rónkẹ́ ni. Nítorí ìfẹ́ ọmọ ni. A fẹ́ kí ó wà láàbò."

Ó ní, "Àwọn yẹn náà sọ bẹ́ẹ̀. Ààbò."

Kò pariwo. Ó rọra ti ilẹ̀kùn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Kò sọ pé kí ọmọ rẹ̀ má fẹ́ Rónkẹ́ o. Ó ní Rónkẹ́ wù òun. Ohun kan ṣoṣo ló sọ, pé òun ò lè jókòó sínú yàrá kan pẹ̀lú mi. Ní ọjọ́ mélòó kan sí ìgbéyàwó, Rónkẹ́ wá gba aṣọ rẹ̀. Èmi ni mo rán an, aṣọ òkè Ìsẹ́yìn ni, mo fi ọwọ́ gán etí rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ. Ó wọ̀ ọ́ wò, ó bá a mu rẹ́gí. Ó kúnlẹ̀ síbi tí ẹ jókòó sí yìí, ó ní, "Bàbá Berlin, ẹ gbàdúrà fún mi." Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo gbàdúrà fún òun àti ọkọ rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, kò dìde. Ó ní, "Ẹ má bínú. Ẹ má wá." Mo ní mo gbọ́. Mo sọ ọ́ kíákíá, kí ó má baà rí ojú mi.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, Standesamt Hamburg, níbi tí ìjọba ti ń so tọkọtaya pọ̀, ni gbogbo wọn wà. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ, mò ń gé ṣòkòtò oníṣòkòtò. Ní ọ̀sán, àbúrò mi pè, mo ń gbọ́ tí àwọn ará ilé ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé wọ́n ti so wọ́n pọ̀?"

Mo ní wọ́n ti so wọ́n pọ̀.

"Ta ló jókòó sí àyè bàbá ọmọ mi?"

Mo ní, "Ta ni ìbá tún jẹ́? Èmi ni."

Ó sunkún ayọ̀. Ó ní, "Àwọn èèyàn náà ńkọ́? Kí ni ìwádìí yín wí?" Mo ní ilé ire ni ọmọ rẹ̀ wọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ níyì ju gbogbo àwọn olókìkí inú ìwé yẹn lọ. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo bá a sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tí fọ́tò dé ọwọ́ rẹ̀, ó tún pè. Ó ti wò wọ́n lọ, ó ti wò wọ́n bọ̀, ó rí ìyá Mattias lọ́wọ́ ọ̀tún, ó rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ òkè. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, n kò rí yín. Níbo lẹ wà?"

Mo ní, "Ṣebí èmi ni mo ya fọ́tò."